Gbohùngbohùn Ohun Tí Ń Rìn: Láti Òkè Kírìjì dé Erékùṣù Príncipe

Bí ènìyàn bá dúró ní ẹsẹ̀ òkè ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí ó sì ké ní ohùn rara, òkè náà yóò dá a lóhùn. Àwọn baba wa mọ èyí dájú, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ tí ó yẹ ẹ́, èyí tí í ṣe gbohùngbohùn. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, irú ìró bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ wọ inú ìtàn lọ. Ogun ńlá tí àwọn Èkìtìparapọ̀, nínú èyí tí àwọn Ìjẹ̀ṣà wà lẹ́yìn Ògèdèngbé, bá àwọn Ìbàdàn jà láti ọdún 1877 títí di ọdún 1893, kì í ṣe orúkọ ọba ni a fi ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orúkọ ìlú. Kírìjì ni à ń pè é, orúkọ náà sì ti inú ìró ìbọn ńlá wá, bí ó ti ń dún lọ dún bọ̀ láàrin àwọn òkè Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé.

Ohun tí gbohùngbohùn jẹ́ kò ṣòro láti mọ̀. Ohùn kúrò lẹ́nu, ó rin ìrìn rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, ó kan òkúta, ó sì padà sí etí ẹni tí ó rán an. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn a máa rìn tó 340 mítà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ka iye àkókò tí ó wà láàrin igbe àti èsì lè mọ bí òkè ti jìnnà sí i tó láì fi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Ṣùgbọ́n òkè kì í rìn. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí a ké sí ń rìn ńkọ́, tí ó ń sún mọ́ wa tàbí tí ó ń sá fún wa? Ǹjẹ́ bí a ti rán ohùn náà lọ gan-an ni yóò ṣe padà wá? Ìbéèrè yìí dàbí àlọ́ àwọn ọmọdé, bẹ́ẹ̀ òun ni ó mú àwọn amòye ayé dé ibi tí wọ́n ti ní láti tún èrò wọn pa nípa ohun tí àkókò jẹ́. Ìtàn bí ó ti rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ nínú ìwé yìí, n ó sì fi hàn pé ìtàn náà kò jìnnà sí ẹkùn ilẹ̀ tiwa tó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò.

Ojú irin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì là láti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ó sì dé Òṣogbo ní ọdún 1907. Kò gba Iléṣà kọjá. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ni ó ń gbé ẹrù wọn wá pàdé rẹ̀ ní Òṣogbo, àwọn ilé ìṣòwò òyìnbó sì kó ara wọn jọ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gbé ní ẹ̀bá ojú irin kò lè ṣàì kíyè sí ohun kan. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ tí ó ń fọn fèrè, fèrè náà a máa dún ní ohùn òkè. Bí ó bá sì ti kọjá lára ẹni báyìí, fèrè kan náà a já wá sí ìsàlẹ̀. Àwa tí ó jẹ́ pé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni a fi ń mọ ọkọ́ tí a fi ń ro oko yàtọ̀ sí ọkọ̀ tí a ń wọ̀, etí wa kò lè di sí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ẹni tí ń wa ọkọ̀ náà léèrè, yóò búra pé fèrè òun kò yí ohùn padà rárá. Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì sì ń sọ.

Ní ọdún 1842, ní ìlú Prague, Christian Doppler ṣe àlàyé ọ̀ràn yìí. Ó ní bí ohun tí ń dún bá ń sún mọ́ wa, àwọn ìgbì ohùn rẹ̀ a máa tẹ̀ lé ara wọn pẹ́kípẹ́kí. Bí ó bá sì ń lọ kúrò lọ́dọ̀ wa, ààyè a máa wà láàrin wọn. Ó ní bí ó ti rí fún ohùn ni yóò rí fún ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 1845, Buys Ballot, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, kó àwọn afunfèrè sínú ọkọ̀ ojú irin, ó sì fi àwọn olórin tí etí wọn mú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Wọ́n gbọ́ ìyàtọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí Doppler ti ṣírò rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa yékéyéké, ẹ jẹ́ kí a fi òwò àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe àpẹẹrẹ. Kò sí ẹni tí kò mọ òṣómàáló ní ilẹ̀ Yorùbá, oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí ń kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí ń tà á ní àwìn, tí ó sì ń padà wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi gba owó rẹ̀. Ká ní òṣómàáló kan kúrò ní Iléṣà, tí ó ń lọ láìdúró, tí ó sì ń rin ibùsọ̀ 30 ní ojúmọ́ kan. Ká ní ìyàwó rẹ̀ tí ó wà nílé ń rán ìránṣẹ́ kan tẹ̀ lé e ní òròòwúrọ̀, tí ìránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń rin ibùsọ̀ 50 ní ojúmọ́. Bí ìránṣẹ́ bá ti bá ọkọ, kíá ni ọkọ yóò dá a padà sílé. Iye yìí pọ̀ jù fún ẹsẹ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Òṣómàáló dúró fún ohun tí ń rìn. Àwọn ìránṣẹ́ dúró fún ìgbì. Ìpadàbọ̀ wọn ni gbohùngbohùn.

Ìránṣẹ́ tí ó kúrò nílé nígbà tí ọkọ ti lo ọjọ́ kan lójú ọ̀nà yóò bá a nígbà tí ọjọ́ méjì ààbọ̀ bá pé tí ọkọ ti jáde, ní ibùsọ̀ 75. Yóò sì lo ọjọ́ kan ààbọ̀ láti padà, tí ó fi jẹ́ pé ní ọjọ́ kẹrin ni yóò wọlé. Èyí tí ó kúrò nílé ní ọjọ́ kejì yóò bá ọkọ ní ọjọ́ karùn-ún, yóò sì padà wọlé ní ọjọ́ kẹjọ. Ẹ̀kẹta yóò wọlé ní ọjọ́ kejìlá. Ojoojúmọ́ ni ìyàwó ń ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni èsì ń padà dé. Bí ọkọ bá sì yí padà tí ó ń bọ̀ wálé pẹ̀lú ìyára kan náà, èsì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ya lé ara wọn, mẹ́rin ní ojúmọ́ kan. Nítorí náà, obìnrin tí kò jáde kúrò ní agboolé rẹ̀ lè fi èsì tí ń wọlé mọ̀ bóyá ọkọ òun ń lọ ni tàbí ó ń bọ̀, kí ó sì mọ bí ó ti ń yára tó. Gbogbo ìdí ìmọ̀ rádà nìyí.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ìṣirò náà lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé inú rẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Ní àlọ, ohun tí a rán ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ń dé ọ̀dọ̀ ọkọ ní ọjọ́ méjì ààbọ̀ méjì ààbọ̀. Ní àbọ̀, ohun tí ó ń kúrò lọ́dọ̀ ọkọ ní ọjọ́ méjì ààbọ̀ ń wọlé ní ọjọ́ mẹ́rin. Àlọ fà á gùn ní ìlọ́po 2.5, àbọ̀ sì fà á gùn ní ìlọ́po 1.6, bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, mẹ́rin ni yóò fún wa. Kí ni ó fà á tí àlọ àti àbọ̀ kò fi dọ́gba? Ọ̀nà ni. Ọ̀nà dúró sójú kan. Ọkọ ń rìn lórí rẹ̀, ìyàwó kò rìn. Ọ̀nà ni ẹlẹ́rìí tí ó mọ ẹni tí ó ń rìn àti ẹni tí ó jókòó. Fún ohùn, afẹ́fẹ́ ni ọ̀nà.

Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Ní ọdún 1865, Maxwell, ọmọ ilẹ̀ Scotland, fi ìṣirò hàn pé ìgbì agbára mànàmáná àti agbára òòfà tí wọ́n so pọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ jẹ́. Ní ọdún 1887 àti 1888, Hertz, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá irú ìgbì bẹ́ẹ̀, èyí tí à ń pè ní ìgbì rédíò lónìí, ó sì rí i pé bí ó bá kan páànù, ó ń padà gẹ́gẹ́ bí ohùn ti ń padà láti ara òkè. Gbogbo àwọn amòye ìgbà náà ni ó gbà pé ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú kò lè ṣàì ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ó ń tọ̀, wọ́n sì sọ ọ̀nà tí a kò fojú rí náà ní ether. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a lè mọ bí ayé yìí ti ń yára tó lórí ọ̀nà náà. Ní ọdún 1887, Michelson àti Morley, ní ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà, rán ìmọ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì dá a padà pẹ̀lú dígí ní ìhà méjì tí ó dábùú ara wọn, wọ́n wá wò ó bóyá ọ̀kan yóò pẹ́ ju èkejì lọ. Kò sí èyí tí ó pẹ́ ju èkejì lọ. Ẹlẹ́rìí tí wọ́n ń wá kò jáde. Ní ọdún yìí kan náà, wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ogun Kírìjì láti ọdún 1886, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun méjèèjì ṣì dojú kọ ara wọn nínú bùdó, nítorí pé ẹnì kan kò fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò ṣí kúrò.

Ẹni tí ó tú ìdí ọ̀ràn yìí ni Albert Einstein. Ní ọdún 1905, ó jẹ́ ẹni ọdún 26, ó sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba ní ìlú Bern, níbi tí a ti ń yẹ ohun tí àwọn ènìyàn bá ṣe ní ọ̀tun wò kí a tó fún wọn ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ó kọ ìwé kan nípa bí agbára mànàmáná ti ń ṣe nínú àwọn ohun tí ń rìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ ìwé náà nítorí ohun tí ó sọ nípa àkókò. Àwọn tí ó mọ̀ pé ìwé náà ṣírò ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ tí ó kan dígí tí ń rìn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Einstein ṣírò àwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ náà yóò ní nígbà tí ó bá padà, ìhà tí yóò kọrí sí, àti bí agbára rẹ̀ yóò ti tó. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ojú irin tó dé Òṣogbo.

Èrò Einstein kò lọ́jú pọ̀ bí a bá gbé e padà sí ọ̀dọ̀ òṣómàáló wa. Ó ní ìmọ́lẹ̀ kò ní ọ̀nà kankan tí ó dúró sójú kan. Bí kò bá sí ọ̀nà, kò sí ẹlẹ́rìí. Ìyàwó kò lè sọ pé ọkọ ni ó ń rìn, ọkọ náà sì lè sọ pé òun jókòó jẹ́ẹ́, Iléṣà ni ó ń sá fún òun. Ohun tí àwọn méjèèjì lè fi ẹnu kò sí ni pé àwọn ń jìnnà sí ara àwọn. Nítorí náà, bí àwọn ìránṣẹ́ náà bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀, bí ìránṣẹ́ ìyàwó ti ń fà gùn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọkọ gan-an ni ti ọkọ gbọ́dọ̀ fà gùn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ìyàwó. Àlọ gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú àbọ̀. Ṣùgbọ́n àlọ àti àbọ̀ pa pọ̀ kò lè yí padà kúrò ní mẹ́rin, nítorí pé nínú agboolé kan ṣoṣo ni ìyàwó ti ń ka èyí tí ó rán àti èyí tí ó padà. Èwo ni iye tí a lè fi ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kí ó tó di mẹ́rin? Méjì ni. Nítorí náà, ọjọ́ méjì méjì ni ọkọ yóò máa ka láàrin ìránṣẹ́ kan àti èkejì, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ méjì ààbọ̀ ni ìyàwó yóò kà fún ohun kan náà.

Ta ni ó ṣì í kà nínú wọn? Kò sí. Aago ọkọ kò bàjẹ́, ti ìyàwó kò sì bàjẹ́. Ibi tí ìyàwó ti ka méjì ààbọ̀ ni ọkọ ti ka méjì, àkókò olúkúlùkù sì ni òtítọ́ fún un. Ẹ kíyè sí i pé èsì tí ó padà wọlé kò yàtọ̀: ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni nínú ìṣirò àtijọ́, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin náà ni nínú ti tuntun. Àárín ọ̀nà ni ìyàtọ̀ fara pamọ́ sí, lọ́wọ́ ẹni tí ń rìn. Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìmọ̀ yìí ní relativity. Èmi a máa pè é ní ẹ̀kọ́ àfiwéra, nítorí pé ohun tí ó ń kọ́ wa ni pé a kò lè mọ ìrìn ohun kan àfi bí a bá fi wé ohun mìíràn. Kì í ṣe gbogbo ìrìnàjò ni a ti lè rí i. Kí ìṣirò wa tó lè rí bí a ti kọ ọ́ yìí, òṣómàáló ní láti máa rin 180,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ń rin 300,000. Fún ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn láti Iléṣà lọ sí Òṣogbo, ìyàtọ̀ náà wà, ṣùgbọ́n ó kéré ju ohun tí a lè fi aago ọwọ́ mọ̀.

Ní ọdún 1915, Einstein tún mú ẹ̀kọ́ yìí gbòòrò dé orí agbára tí ń fa ohun gbogbo wálẹ̀. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ oòrùn kọjá yóò tẹ̀ díẹ̀, ó sì ṣírò ìtẹ̀sí náà sí 1.75 nígbà tí a bá pín ìwọ̀n digíìrì kan sí ọ̀nà 3,600. Ìlànà Newton kò fún un ju ìdajì èyí lọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè rí ìràwọ̀ lẹ́bàá oòrùn ní ọ̀sán gangan? Àfi bí òṣùpá bá bo oòrùn lójú tí ọ̀sán di òru. Èyí yóò ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1919, òjìji náà yóò sì gba Brazil kọjá, yóò la òkun já, yóò wọ inú òkun Guinea tiwa yìí. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán ẹgbẹ́ kan lọ sí Sobral ní Brazil, wọ́n sì rán Arthur Eddington àti Edwin Cottingham tí ń ṣe aago lọ sí erékùṣù Príncipe, tí ó wà lábẹ́ àwọn Potogí nígbà náà. Lórí Òṣogbo àti Iléṣà ní ọ̀sán ọjọ́ náà, òṣùpá bo èyí tí ó pọ̀ jù nínú oòrùn, ṣùgbọ́n kò bò ó tán.

Oko kòkó tí a ń pè ní Roça Sundy ni Eddington àti ẹnì kejì rẹ̀ dé sí. Ó yẹ kí àwa ọmọ ilẹ̀ kòkó dúró díẹ̀ níhìn-ín. Láti Brazil ni a ti mú kòkó wá sí Príncipe ní ọdún 1822; láti ibẹ̀ ni ó ti tàn káàkiri àwọn erékùṣù òkun náà; láti Fernando Po, ọ̀kan nínú wọn, ni ó sì ti wọ ilẹ̀ tí ó di Nàìjíríà ní ọdún 1874. Kòkó tí ó kọ́lé tí ó sì rán ọmọ lọ sí ilé ìwé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ìbátan kòkó Sundy ni. Ṣùgbọ́n ní Sundy, kì í ṣe àgbẹ̀ tí ó ni oko ni ó ń ká a. Àwọn ènìyàn tí a kó wá láti Angola ni ó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn erékùṣù náà, lábẹ́ ìwé àdéhùn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè bọ́ nínú rẹ̀ títí dọjọ́ ikú. Ọ̀ràn náà burú tó bẹ́ẹ̀ tí ilé iṣẹ́ Cadbury àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi kọ̀ láti ra kòkó ibẹ̀ ní ọdún 1909. Nígbà tí irin iṣẹ́ Eddington dé, àwọn aláàárù ni ó rù wọ́n la inú igbó kọjá ní ìparí ọ̀nà sí Sundy. Orúkọ Einstein dé gbogbo ayé; orúkọ àwọn aláàárù wọ̀nyí kò sí nínú ìròyìn iṣẹ́ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, òjò ńlá rọ̀. Ìkùukùu kò tíì ká tán nígbà tí òṣùpá bo oòrùn. Ìṣẹ́jú àáyá 302 péré ni wọ́n ní, wọ́n sì ya àwòrán 16 láàrin rẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò wúlò nítorí ìkùukùu; méjì ni ó fi ìràwọ̀ márùn-ún hàn dáadáa. Ìtẹ̀sí tí wọ́n rí nínú wọn jẹ́ 1.61, ti ẹ̀rọ tí ó ya àwòrán dáadáa ní Sobral jẹ́ 1.98. Ẹ̀rọ kejì ní Sobral sọ iye tí ó kéré, tí ó sún mọ́ ti Newton, ṣùgbọ́n wọ́n yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ pé ooru ti ba àwòrán rẹ̀ jẹ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún 1919, wọ́n kéde ní Lọ́ńdọ̀nù pé Einstein ni ó jàre. Àwọn kan ti bi í léèrè láti ìgbà náà bóyá ó tọ́ láti yẹ ẹ̀rì ẹ̀rọ kejì sílẹ̀. Ìbéèrè rere ni. Ní ọdún 1979, wọ́n tún wọn àwọn àwòrán Sobral pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbàlódé, wọ́n sì rí i pé ìdájọ́ ọdún 1919 dúró. Bí ẹjọ́ ti ń rí nìyẹn: ẹlẹ́rìí kan kò tó, a sì gbọ́dọ̀ lè tún un pè.

Ní Príncipe, ẹkùn ilẹ̀ tiwa ni ibi ìwọ̀n, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa kò sí nínú ìwọ̀n náà àfi láti ru ẹrù. Ní Ìbàdàn, ọ̀ràn náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ní ọdún 1948 ni a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn onímọ̀ físíìsì ilé ẹ̀kọ́ náà ń rán ìgbì rédíò lọ sókè, sí ìpele afẹ́fẹ́ tí ó wà ní 100 kìlómítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, níbi tí ìtànṣán oòrùn ti ń tú agbára mànàmáná sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ìgbì náà a kan ibẹ̀, a sì padà. Ìdí tí Ìbàdàn fi ṣe pàtàkì ni pé kò jìnnà sí ìlà tí abẹ́rẹ́ òòfà ti ń dúró gbọọrọ láì tẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀, ohun tí ó sì ń ṣẹlẹ̀ lókè ìlà náà kò rí bí ti ibòmíràn. Ìpele náà kò dúró sójú kan. Òṣómàáló ni òun pẹ̀lú. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń gba èsì sí ibi mẹ́ta tí ó jìnnà síra díẹ̀, wọ́n sì ń wo èyí tí ìyípadà èsì kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Báyìí ni wọ́n fi mọ̀ pé ní ọ̀sán, ìwọ̀ oòrùn ni ohun tí ń dá ìgbì padà náà ń ṣàn lọ, àti pé ní òru, ó ń yí padà sí ìlà oòrùn. Nígbà tí gbogbo ayé pawọ́ pọ̀ láti wádìí ilẹ̀ àti òfuurufú ní ọdún 1957 àti 1958, Ìbàdàn ní ohun tirẹ̀ láti mú wá. Olúmúyìwá Awẹ́ wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì níbẹ̀ lẹ́yìn náà.

Lónìí, gbohùngbohùn ohun tí ń rìn ti di ohun ojú títì. Ní ọdún 1977 ni a dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nínú èyí tí Òṣogbo àti Iléṣà wà nígbà náà, Wọlé Ṣóyínká sì ni ó ṣáájú rẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ tẹ̀ lé e ní ọdún 1988. Ẹ̀rọ rádà tí irú àwọn ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń nà sí ọkọ̀ a máa rán ìgbì bí 24,000,000,000 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ ní 100 kìlómítà láàrin wákàtí kan, èyí tí ó padà yóò fi nǹkan bí 4,400 ju èyí tí a rán lọ. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ni ẹ̀rọ ń kà. Bákan náà, àwọn aago tí ó wà nínú sátẹ́láìtì tí ń fi ọ̀nà han àwọn fóònù wa ń fi apá 38 yá ju ti ilẹ̀ lọ ní ojúmọ́ kan, bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan. Bí a kò bá fi ẹ̀kọ́ Einstein tún un ṣe, àṣìṣe rẹ̀ yóò tó kìlómítà 11 láàrin ọjọ́ kan: ẹni tí ó ń wá Ọjà Ọba ní Òṣogbo yóò bá ara rẹ̀ nínú oko olóko.

Ìbéèrè tí ó kù ni ti èdè. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé wa ni ó gbà nínú ọkàn wọn pé Yorùbá dára fún oríkì àti àlọ́, ṣùgbọ́n pé kò lè ru irú ẹrù tí mo gbé kalẹ̀ yìí. Ní ọdún 1970, Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn; wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Láti Ilé-Ifẹ̀ sí Iléṣà kò jìnnà, síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò tàn dé gbogbo ilé ìwé ilẹ̀ wa. Ohun tí a pàdánù kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ nìkan. Ọmọ tí a bá fi èdè àjèjì kọ́ ní ìmọ̀ tí kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí yóò há a sórí, yóò sì gbà pé ilé ẹlòmíràn ni òun ti wá yá a.

Mo fẹ́ kìlọ̀ fún apá kejì pẹ̀lú. Àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ pé kò sí ohun tí òyìnbó mọ̀ tí àwọn baba wa kò ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò bu ọlá fún àwọn baba wa. Òṣómàáló kò mọ ẹ̀kọ́ Einstein, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó sọ ogun Kírìjì lórúkọ kò mọ ìṣirò Doppler. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa ni etí tí ó mọ ohùn yàtọ̀ sí ohùn, ìṣirò owó tí kò gba àṣìṣe, àti èdè tí a lè fi bi ìbéèrè títí a ó fi rí ìdí rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó kù, iṣẹ́ tiwa ni: kí a kọ ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yorùbá tí ọmọ Òṣogbo àti ọmọ Iléṣà lè kà fúnra rẹ̀, kí a sì kọ ọ́ láìṣàbùlà. Bí irú ìwọ̀n ti Príncipe bá tún ṣẹlẹ̀ ní ẹkùn ilẹ̀ wa, kí àwọn ọmọ wa wà lára àwọn tí yóò wo inú awò, kí orúkọ wọn sì wà nínú ìròyìn.